Kí Ẹ Tó Máa Sùn Nínú Bọ́ọ̀sì Yẹn

Bódìjà, Ìbàdàn,
Ọjọ́rú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Àkànní ọmọ mi,

O pè mí lórí fóònù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí mo wá wo bọ́ọ̀sì yín, o ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ ò fẹ́ràn bọ́ọ̀sì wa ni? Ẹ kàn dákẹ́ ni." Mo dá ọ lóhùn pé ó rẹ̀ mí, pé ìsìn ọjọ́ náà pẹ́. Ó rẹ̀ mí lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ìyẹn ló jẹ́ kí n dákẹ́. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi kò ṣeé sọ lórí fóònù, kò sì ṣeé sọ lójú àwọn ọ̀rẹ́ yín tí wọ́n wá bá yín yọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó láti kọ ọ́. Fi sùúrù kà á, kí o sì kà á sétí Mọpélọ́lá ìyàwó wa, nítorí ẹ̀yin méjèèjì ni mò ń bá wí.

Kí n kọ́kọ́ sọ eyí tó dùn mọ́ mi. Iṣẹ́ tí ẹ gbà yìí, iṣẹ́ tó níyì ni. Mọpélọ́lá á máa fi ẹ̀rọ rẹ̀ wá ibi tí omi wà lábẹ́ ilẹ̀, ìwọ á máa gbẹ́ kànga ẹ̀rọ síbẹ̀, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí. Àwọn ìlú tí mo mọ̀ dáadáa ni, mo mọ bí omi ṣe ń wọ́n wọn nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹ kò sì fẹ́ kí ìgbéyàwó yín ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé kí ọkọ máa gbé lóko, kí ìyàwó máa gbé ní Baṣọ̀run. Ẹ ní ibi tí iṣẹ́ bá gbé yín dé, kí ilé yín dé ibẹ̀. Ó dára. Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ ṣe é nínú ìdílé yìí, ẹ ó rí i níwájú.

Bọ́ọ̀sì náà sì rẹwà. Mo rí bí ẹ ṣe gbé ibùsùn sẹ́yìn, tí ẹ ṣe àpótí aṣọ sábẹ́ rẹ̀, tí ẹ gbé kíṣìnnì kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ìyàwó wa po tíì fún mi, ó ní, "Mọ́mì, ẹ ò lè mọ̀ pé inú ọkọ̀ lẹ wà." Mo rẹ́rìn-ín, mo ń mu tíì, àmọ́ ojú mi ń rìn káàkiri. Mo rí sílíńdà gáàsì lábẹ́ ibùsùn, ó fẹ̀gbẹ́ kan bátìrì ńlá tó ń gbé iná fún yín. Mo rí irin tí ẹ jó mọ́ gbogbo ojú fèrèsé nítorí olè. Mo rí kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù lẹ́yìn ìjókòó dírẹ́bà. Mo wá bojú wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo rí i pé ibùsùn ti dí i pa. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló kù, kíṣìnnì sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ibẹ̀ ni tíì ti korò lẹ́nu mi.

O mọ ọwọ́ òsì Àǹtí Bọ̀sẹ̀, àbúrò bàbá rẹ. Láti kékeré lo ti ń rí i. O mọ̀ pé iná ló jó o, pé àwọn ìka kan níbẹ̀ kò ká dáadáa mọ́. Ohun tí o kò mọ̀ ni bó ṣe ṣẹlẹ̀. A kò fi pa mọ́ fún ọ. Ọ̀rọ̀ náà ni a kì í dá sílẹ̀ nínú ilé yìí, nítorí bàbá rẹ kì í fẹ́ gbọ́ ọ. Nítorí náà, lánàá, kí n tó mú bíróò, mo kọ́kọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ wọn ní Àgbowó. Mo ní, "Àǹtí, mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì ìwé fún Yínká ọmọ mi. Àṣẹ yín ni mo wá gbà."

Aṣọ ni wọ́n ń gé lọ́wọ́. Wọ́n gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. "Ìyàwó wa, irú bọ́ọ̀sì wo lọmọ yẹn rà?"

Mo ṣàlàyé fún wọn. Mo sọ ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo sọ ti irin ojú fèrèsé.

Wọ́n ní, "Ẹ sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Ẹ má fi iyọ̀ sí i, ẹ má sì bu kúrò nínú ẹ̀. Ẹ sọ fún un pé kì í ṣe iná ni mo máa ń rántí. Ilẹ̀kùn tí ò ṣí yẹn ni mo máa ń rántí."

Ìtàn náà nìyí.

Kí a tó bí ọ, bọ́ọ̀sì ni èmi àti bàbá rẹ fi ń ta ìwé. Ṣọ́ọ̀bù ìwé wa tí ẹ mọ̀ ní Dùgbẹ̀, inú bọ́ọ̀sì ló ti bẹ̀rẹ̀. A máa ń ra ìwé ní Ìbàdàn, a ó kó o lọ sí àwọn ilé ìwé ní Ọ̀yọ́, ní Ìsẹ́yìn, ní Òkèhò, títí dé Ṣakí. A yọ àwọn ìjókòó rẹ̀ kúrò, a kan pákó mọ́ ẹ̀gbẹ́ láti to ìwé sí, a tẹ́ fóòmù sẹ́yìn. Ibẹ̀ la ń sùn, ibẹ̀ la ti ń jẹun. A kì í wá ilé àlejò kiri. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú bá wa ní ìlú kan, a ó tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìwé, a ó sùn sínú ọgbà wọn. Mo gbádùn ayé yẹn, n kò ní purọ́. Nítorí náà, má rò pé ìyá arúgbó kan tí kò mọ adùn ìrìn àjò ló ń bá ọ sọ̀rọ̀.

Àǹtí Bọ̀sẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé girama, wọ́n ń retí èsì ìdánwò. Nínú ìtàn yìí, "ó" ni n ó máa pè wọ́n, nítorí ọmọge ni wọ́n nígbà náà. Aya ilé ni mí, n kò lè pe orúkọ mọ́ wọn lórí. Adúmáadán ni mò ń pè wọ́n.

Inú ọyẹ́ ni. A gúnlẹ̀ sí ọgbà ilé ìwé kan lọ́nà Ṣakí. Àwọn ọmọ ti lọ sílé, oòrùn ti ń rọ̀. Bàbá rẹ lọ rí ọ̀gá ilé ìwé nílé rẹ̀. Ibà ń ṣe Adúmáadán, ó sùn sẹ́yìn. Olè ti kó páálí ìwé wa kan rí ní Ọ̀yọ́. Láti ìgbà náà, àgádágodo la fi ń ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn láti ìta, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lápò bàbá rẹ. Pákó ìwé dí fèrèsé ẹ̀gbẹ́ kan. Fèrèsé ẹ̀gbẹ́ kejì, a ti jó irin mọ́ ọn. Ọkọ̀ náà kò ní ilẹ̀kùn dírẹ́bà, ilẹ̀kùn àárín nìkan la ń gbà wọlé, òun la ń gbà jáde.

Mo fẹ́ din dòdò. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ kò jẹ́ kí sítóòfù dúró níta, iná rẹ̀ ń kú ṣáá. Mo bá gbé e wọnú ọkọ̀, mo gbé e ka orí àtẹ̀gùn ilẹ̀kùn àárín. Mo din díẹ̀, iná sítóòfù tún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀, karosíìnì ti ń tán nínú rẹ̀. Ohun tó yẹ ni kí n pa á, kí n jẹ́ kó tutù. Ebi ń pa mí, mo sì rò pé mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo ṣí ẹnu rẹ̀, mo da karosíìnì sí i bó ṣe ń jó.

Iná gbà bùlà, ó tẹ̀lé karosíìnì náà wá bá mi lọ́wọ́. Mo ju kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀. Ó dojú dé sórí àtẹ̀gùn, ó ń dà, iná sì ń tẹ̀ lé e bó ṣe ń ṣàn. Páànù dòdò náà fì, òróró inú rẹ̀ gbiná. Garawa omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo gbé e, mo da omi náà sórí òróró tó ń jó. Àkànní, bí ẹni fi ìbínú kún ìbínú ni. Iná fò sókè, ó kan àjà ọkọ̀, ó mú kọ́tíìnì. Mo fi ẹ̀yìn já bọ́ sílẹ̀ níta. Nígbà tí mo fi máa dìde, kò sí ẹnu ilẹ̀kùn mọ́, iná ni.

Èmi wà níta. Adúmáadán wà nínú.

"Adúmáadán! Adúmáadán, dìde o!"

Mo gbọ́ ìkọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tó ń gbá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Mo sáré yí ọkọ̀ po, mo di àgádágodo mú, mo ń fà á bí ẹni pé ọwọ́ lè já irin. "Ẹ ṣí i! Ìyàwó wa, ẹ ṣí i fún mi!" ló ń wí láti inú. Mo ní, "Kọ́kọ́rọ́ ò sí lọ́wọ́ mi!" Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún un nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè sọ kí ẹlòmíràn kú sínú rẹ̀ nìyẹn.

Tíṣà kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ ọ̀gbìn ṣì wà nínú oko ilé ìwé. Ó gbọ́ igbe mi, ó sáré dé tòun ti ọkọ́ lọ́wọ́. Ìbéèrè kan ló bi mí: "Ibo ló tún ṣeé gbà?" Mo ní kò sí. Ó wo ọkọ̀ náà yíká, ó sáré lọ síwájú, ó gbé ọkọ́ sókè, ó gbá gíláàsì iwájú. Kò fọ́. Ó tún gbá a. Ó ń gbá a títí ó fi jìn wọlé. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ máa pè é! Ẹ sọ fún un pé kó fàyà wọ́, kó má dìde dúró o! Afẹ́fẹ́ wà nílẹ̀!"

Mo ki orí bọ ibi tó fọ́ náà. Èéfín dúdú ló kún inú ọkọ̀, n kò rí nǹkan kan. "Adúmáadán, máa bọ̀ níwájú! Fàyà wọ́! Ohùn mi ni kí o máa tẹ̀ lé!" Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dákẹ́. N kò gbọ́ ohun kan mọ́ àfi ìwé tó ń jó. Mo ń pè, mo ń pè, ohùn mi há. Mo ti gbà nínú ọkàn mi pé ó ti lọ.

Àṣé ó ń bọ̀. Nígbà tó dé àárín ọkọ̀, tí iná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an, ó na ọwọ́ òsì, ó di òpó irin tí èrò máa ń dì mú, kó lè fa ara rẹ̀ kọjá. Irin náà ti gbóná bí irin alágbẹ̀dẹ. Kò jọ̀wọ́ rẹ̀ títí ó fi rékọjá. Nígbà tí orí rẹ̀ yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó dírẹ́bà, tíṣà náà mú un lápá, èmi mú un láṣọ, a fà á gba ojú gíláàsì jáde.

Bàbá rẹ rí èéfín láti ilé ọ̀gá ilé ìwé. Wọ́n sáré dé, wọ́n rí i pé àwa méjèèjì wà níta, síbẹ̀ wọ́n kọjá lára wa, wọ́n ń forí lé ọkọ̀ náà. Tíṣà náà dì wọ́n mú ní ìbàdí.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló kù nínú ẹ̀?"

"Kò sẹ́nì kankan."

"Kí lẹ wá ń wá lọ?"

Bàbá rẹ jókòó sílẹ̀. Kò pẹ́ sí i ni táyà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ́, tí orí ọkọ̀ náà rì wọlé. Ká ní tíṣà yẹn jọ̀wọ́ wọn, inú rẹ̀ ni ìbá bá wọn. Ìwọ náà ìbá má sí láyé ká máa kọ lẹ́tà sí ọ.

A gbé Adúmáadán lọ sí ilé ìwòsàn. Ó pẹ́ níbẹ̀ kí ọwọ́ náà tó san. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ara rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ náà di aṣọ mú lójú ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìyókù ìtàn wọn, ìwọ náà mọ̀ ọ́n.

Wàyí o, bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo ti wo ẹ̀yìn fún yín. Ẹ gbọ́ ohun tí mo rí.

Èkíní, ọ̀nà àbájáde. Kí ẹ tó ronú nípa iná, ẹ ronú nípa bí ẹ ó ṣe jáde. Ibi tí ènìyàn ń sùn gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà méjì ó kéré tán, ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà nítòsí orí yín. Ẹ gbé ibùsùn yẹn kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, tàbí kí ẹ gé e kúrú. Kí ilẹ̀kùn náà ṣeé ṣí láti inú láìlo kọ́kọ́rọ́. Mo mọ ohun tí o máa sọ. O máa ní, "Mọ́mì, olè ńkọ́?" Ohun tí àwa náà sọ nìyẹn. Olè á kó ẹrù, á fi ẹni sílẹ̀. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ irin lójú fèrèsé, kí ẹni tó jó o ṣe é bí ilẹ̀kùn, kó ní ìdè tí ọwọ́ lè tú láti inú. Kí Mọpélọ́lá fúnra rẹ̀ tú u wò, kó má jẹ́ ìwọ alágbára nìkan ló lè tú u.

Èkejì, gáàsì. Ẹ gbé sílíńdà kúrò lábẹ́ ibùsùn lónìí, kódà kí ẹ tó ka lẹ́tà yìí tán. Ìta ọkọ̀ ni àyè rẹ̀, nínú àpótí irin tó ní ihò nísàlẹ̀, nítorí gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń wọ́ lọ. Kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ bátìrì rárá. Róbà tó so ó mọ́ sítóòfù, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ọkọ̀ tó ń rìn lójú ọ̀nà Òkè-Ògùn máa ń gbọn ohun gbogbo tú. Ẹ po ọṣẹ sínú omi, kí ẹ fi pa gbogbo oríkèé rẹ̀. Bó bá ń hó, ó ń jò. Ẹ má fi ìṣáná wò ó láé. Bí ẹ bá fẹ́ gbéra, ẹ ti orí sílíńdà pa, bó ti wù kí ibi tí ẹ ń lọ sún mọ́ tó. Bí ẹ bá sì gbọ́ òórùn gáàsì nínú ọkọ̀, ẹ má tan iná, ẹ má paná, ẹ má fọwọ́ kan fóònù. Ẹ jáde ná.

Ẹ̀kẹta, oúnjẹ. Ẹ̀yin lẹ lọ́kọ̀, àmọ́ níta ni mo fẹ́ kí ẹ ti máa dáná nígbà tí ojú ọjọ́ bá gbà. Bí afẹ́fẹ́ bá wá pọ̀, ẹ mu gàárì. Mò ń sọ òótọ́ ni. Ká ní mo mu gàárì lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ Àǹtí Bọ̀sẹ̀ méjèèjì ìbá pé. Bí ẹ bá ń din nǹkan, ẹni tó ń dín in kò gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀, kí ọmọrí ìkòkò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí òróró bá gbiná, ẹ pa gáàsì, ẹ fi ọmọrí dé e, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ títí yóò fi tutù. Ẹ má da omi sí i. Ẹ má gbé e rìn. Mo fẹ́ kí ìyàwó wa tún gbólóhùn yìí sọ fún ọ lójúkojú: a kì í da omi sí òróró tó ń jó.

Ti iná mànàmáná, ìwọ mọ̀ ọ́n jù mí lọ, n kò ní ṣe bí ẹni mọ̀ ọ́n. Àmọ́ mo rí wáyà kan tó gba abẹ́ ẹsẹ̀ ibùsùn kọjá, tí ara rẹ̀ sì ti ń bó. Ọkọ̀ tó ń gbọ̀n yóò máa fi ẹsẹ̀ ibùsùn náà rẹ́ ẹ lójoojúmọ́. Jọ̀wọ́, má ṣe é fúnra rẹ ní kánmọ́kánmọ́ nítorí pé o gbọ́n. Pe ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀, kó fi fíúsì sí ibi tó yẹ, kó la róbà bo wáyà. Ẹ má sì máa fi fóònù sórí fóòmù gba iná kí ẹ máa sùn lọ.

Kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù kò gbọ́dọ̀ wọ ibi tí ènìyàn ń sùn, kì báà ṣófo. Òfìfo kẹ́ẹ̀gì gan-an ni ooru epo tó kù nínú rẹ̀ máa ń gbiná kíákíá. Jẹnẹrétọ̀, ẹ máa gbé e jìnnà sí ọkọ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti ní gbé èéfín rẹ̀ wọlé gba fèrèsé. Èéfín yẹn a máa pa ẹni tó ń sùn láìjẹ́ pé ó ta á lólobó. Ẹ pa á kí ó tutù kí ẹ tó da epo sí i. Ẹ rántí ẹni tó ń sọ èyí fún yín.

Mo ti ṣì í kà, n kò mọ iye tí mo ti kà dé mọ́. Ẹ jẹ́ kí n kàn máa sọ ọ́ bó ṣe ń wá.

Kọ́ìlì ẹ̀fọn àti àbẹ́là, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ní Baṣọ̀run. Ẹ ra nẹ́ẹ̀tì. Ẹ ra tọ́ọ̀ṣì, kí ó wà níbi tí ọwọ́ yín máa kàn án láìtan iná.

Ẹ ra ẹ̀rọ ìpaná méjì. Ọ̀kan kò tó. Ẹ gbé ọ̀kan sítòsí ibùsùn, ìkejì sẹ́nu ilẹ̀kùn níbi tí ẹni tó wà níta ti lè nawọ́ mú un. Ẹ má gbé e sí ẹ̀yìn sítóòfù, nítorí bí iná bá dé, ta ló fẹ́ gba inú iná kọjá lọ mú ohun ìpaná? Kí ẹ̀yin méjèèjì mọ bí wọ́n ṣe ń fà á yọ. Ẹ tún ra ẹ̀rọ kékeré tó máa ń ké bí èéfín bá wọlé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ àjà lókè ibi tí ẹ ń sùn. Ẹni tó bá sùn kì í gbọ́ òórùn. Adúmáadán kò gbọ́ òórùn kankan, igbe mi ló jí i.

Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ má gúnlẹ̀ sórí koríko gbígbẹ. Irin tí èéfín ọkọ̀ ń gbà jáde máa ń gbóná gan-an, ó lè fi iná sí koríko nísàlẹ̀ nígbà tí ẹ̀yin ń jẹun lókè. Ẹ wá ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn àgbẹ̀ tún máa ń sun igbó nígbà yẹn, nítorí náà ẹ bi àwọn ará ìlú ibi tí wọ́n fẹ́ sun kí ẹ tó dúró. Ẹ kọjú ọkọ̀ sí ojú ọ̀nà nígbà gbogbo, bí ẹni tó ti ṣe tán láti lọ.

Ẹ fi jíjáde dánra wò. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ di ojú yín, kí ẹ dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn, kí ẹnì kan pariwo "Iná!", kí ẹ sì jáde láìlajú, kí ẹ fàyà wọ́. Ẹ tún un ṣe gba ọ̀nà kejì. Ẹ yan ibì kan níta tí ẹ ó ti pàdé, ìdí igi tàbí ẹ̀gbẹ́ ògiri, kí ẹnì kan má baà wọlé lọ wá ẹnì kejì tó ti wà níta. Bí ẹ bá sì ti jáde, ọ̀rọ̀ tíṣà yẹn ni kí ẹ fi bi ara yín: "Ta ló kù nínú ẹ̀?" Bí kò bá ti sẹ́nì kankan, ẹ má padà. Ẹ jẹ́ kó jó. Ẹ̀rọ tí Mọpélọ́lá fi ń wá omi, mo mọ̀ pé ọ̀wọ́n ni. Ẹ jẹ́ kó jó.

Ìyàwó mi Mọpélọ́lá, ìwọ gan-an ni mo fẹ́ bá sọ gbólóhùn yìí. Má jẹ́ kí ọkọ rẹ nìkan mọ ibi tí wọ́n ti ń ti gáàsì, má jẹ́ kí òun nìkan ní kọ́kọ́rọ́, má sì jẹ́ kí òun nìkan mọ ọkọ̀ náà wà. Nígbà tí mo wà ní ipò tí o wà yìí, mo fi gbogbo ìyẹn sílẹ̀ fún ọkọ mi, torí mo rò pé bí ìyàwó tó níwà ṣe ń ṣe nìyẹn. Ohun tó bá kan ẹ̀mí rẹ, bi í. Bí ó bá ní o ń dààmú òun, sọ pé èmi ni mo rán ọ.

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹ kò tíì gbéra, gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí sì ṣeé ṣe kí ẹ tó gbéra. N kò sọ pé kí ẹ má lọ. Àwa náà ra bọ́ọ̀sì míràn nígbà tó yá, a sì tún ta ìwé dé Ṣakí. Ọ̀nà tí a gbà tò ó ló yàtọ̀.

Bàbá rẹ wọlé nígbà tí mo kọ ọ́ dé ibí yìí. Wọ́n bi mí pé kí ni mò ń kọ láti ọ̀sán, mo sì kó gbogbo ìwé náà fún wọn. Wọ́n fi gíláàsì sójú, wọ́n kà á láti òkè dé ilẹ̀. Mo rò pé wọn yóò bínú. Wọ́n yọ gíláàsì, wọ́n ń wo ọgbà. Wọ́n wá ní, "Bí wọ́n bá ti ṣe bọ́ọ̀sì yẹn bó ṣe yẹ, bi wọ́n bóyá àyè á wà fún èmi náà dé Ìsẹ́yìn."

Mo ní, "Dádì, kí lẹ fẹ́ lọ ṣe ní Ìsẹ́yìn?"

Wọ́n ní àwọn kò ní nǹkan kan tí àwọn fẹ́ ṣe níbẹ̀. Àwọn kàn fẹ́ jókòó níwájú, kí ọmọ àwọn máa wà wọ́n lọ.

Mo ti sọ fún wọn pé àyè á wà. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ, tó sì tún fẹ́ rí ọmọ tí ìwọ náà máa bí,
Mọ́mì